Májèlé inú Àgbàdo àti Ẹ̀pà: Oko ni Ìṣọ́ ti Ń Bẹ̀rẹ̀, Kì í Ṣe Inú Ìkòkò

Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí ni a máa ń gbọ́ nígbàkigbà tí ìjíròrò bá wáyé lórí ètò oúnjẹ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, òótọ́ ọ̀rọ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tó pọ̀ kò túmọ̀ sí oúnjẹ tó dára. Bí àgbàdo bá kún àká, tí ẹ̀pà kún ọjà, tí èlùbọ́ kò sì wọ́n, ìbéèrè kan ṣì wà nílẹ̀ tí a kì í sábà bi ara wa: ṣé ohun tí a fẹ́ jẹ yìí mọ́ fún jíjẹ? Nínú àlàyé yìí, a fẹ́ yẹ ewu kan wò tí kì í pariwo, tí a kò lè fi imú gbóòórùn rẹ̀, tí a kò sì lè fi ahọ́n mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, ó ń ba ẹ̀dọ̀ àgbà jẹ́, ó sì lè dí ìdàgbàsókè ọmọdé lọ́wọ́. Ewu náà ni májèlé tó máa ń wà nínú oúnjẹ tó bu.

Ohun tí a fẹ́ kí ó yé ará ìlú kò ju ẹyọ kan lọ. Iná ìdáná kò lè pa májèlé yìí. Ibi tí a ti lè borí rẹ̀ ni oko, ibi tí a ń sá irè sí, àká, ọjà, àti orí àtẹ tí a ti ń ṣa ẹ̀pà kí ó tó dé inú ìkòkò. Nítorí náà, kò tọ́ kí a gbé gbogbo ẹrù náà ka orí ìyá tó ń po ògì fún ọmọ rẹ̀. Àgbẹ̀, oníṣòwò, ilé-iṣẹ́ àti ìjọba ló jọ ni ẹrù náà.

Kí ni májèlé yìí?

Ohun funfun, aláwọ̀ ewé tàbí dúdú tó máa ń hù lára búrẹ́dì, àgbàdo tàbí ẹ̀pà tó bu kì í ṣe ìdọ̀tí lásán. Ohun abẹ̀mí ni, ẹbí kan náà sì ni òun àti olú tí à ń wá nínú igbó. Oríṣiríṣi ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju kí wọ́n ba oúnjẹ jẹ́ lọ, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó máa ń tu májèlé sínú ohun tí wọ́n bá hù lé lórí. Èyí tó burú jù fún ilẹ̀ olóoru bíi tiwa ni èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Aspergillus flavus. Inú orúkọ yìí ni wọ́n ti fa orúkọ májèlé rẹ̀ yọ, tí wọ́n fi ń pè é ní aflatoxin.

Ọdún 1960 ni ayé tó mọ̀ nípa rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún náà, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú láàárín oṣù díẹ̀, kò sì sí ẹni tó kọ́kọ́ mọ ohun tó pa wọ́n. Nígbà tí wọ́n tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà dé ìdí, oúnjẹ tí wọ́n fún àwọn ẹyẹ náà ni: ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n kó wá láti orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, tó ti bu. Láti ìgbà náà ni ìwádìí ti ń lọ lórí ohun tó lè ṣe fún ènìyàn. Lónìí, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ, tó fìdí kalẹ̀ sí ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, ti fi aflatoxin sí ìsọ̀rí kìíní, ìyẹn ìsọ̀rí àwọn ohun tí kò sí iyèméjì mọ́ pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Ìsọ̀rí kan náà ni èéfín sìgá wà.

Ìwọ̀n tó lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá kéré gan-an. Ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà kí aflatoxin ju máíkírógíráàmù 4 lọ nínú kílógíráàmù kan ọkà tàbí ẹ̀pà tí ènìyàn fẹ́ jẹ tààrà. Amẹ́ríkà gbà á dé 20. Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ kí a ro ó báyìí: bí a bá to àpò àgbàdo 10,000 jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó kílógíráàmù 100, gíráàmù 4 péré, ìyẹn ìwọ̀n ṣúgà inú ṣíbí tíì kan, ti tó láti kún òṣùwọ̀n Yúróòpù fún gbogbo àpò náà. Kò sí ojú tó lè rí i, kò sì sí ahọ́n tó lè tọ́ ọ wò.

Àgbàdo àti ẹ̀pà ló fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n kò mọ sí orí wọn nìkan. Àwọn olùwádìí ti rí i nínú ẹ̀gúsí, èlùbọ́ iṣu, ọkà bàbà àti ata gbígbẹ. Bí màlúù bá jẹ oúnjẹ tó ní in, díẹ̀ nínú rẹ̀ ń yọ sínú wàrà. Bí ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú bá jẹ ẹ́, díẹ̀ lè gba inú ọmú dé ara ọmọ. A kò sọ èyí láti dẹ́rù ba ìyá kankan kúrò nídìí ọmú, nítorí ọmú ìyá ṣì ni oúnjẹ tó dára jù lọ fún ọmọ ọwọ́. A sọ ọ́ kí a lè mọ̀ pé ohun tí ìyá ń jẹ jẹ́ ara ìtọ́jú ọmọ.

Májèlé mìíràn tún wà tó ń jẹ́ fumonisin, tí àwọn olùwádìí ní Gúúsù Áfíríkà ṣàwárí ní 1988. Inú àgbàdo ni ó wọ́pọ̀ sí, wọ́n sì ń fura pé ó lọ́wọ́ nínú jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun. Òun àti aflatoxin lè jọ wà nínú àgbàdo kan náà. Àlàyé wa yóò dá lé aflatoxin jù, nítorí òun ni ẹ̀rí tó wà lórí rẹ̀ fìdí múlẹ̀ jù lọ.

Bí ó ṣe ń wọ inú oúnjẹ wa

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé inú àpò nìkan ni àgbàdo ti ń bu. Apá kan òótọ́ nìyẹn. Inú ilẹ̀ oko gan-an ni Aspergillus flavus ń gbé. Bí òjò bá dá nígbà tí àgbàdo ń yọ irùkẹ̀rẹ̀, tí oòrùn sì mú janjan, agbára àgbàdo náà láti dáàbò bo ara rẹ̀ á dín kù. Bí kòkòrò bá sì gbẹ́ ihò sára hóró rẹ̀, ojú ihò yẹn ni olú kékeré náà yóò gbà wọlé. Nítorí náà, àgbàdo lè ti ní májèlé lára kí àgbẹ̀ tó kórè rẹ̀. Bí ọ̀dá àti ooru bá ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ewu yìí yóò máa pọ̀ sí i.

Lẹ́yìn èyí ni ìkórè yóò dé. Ní ilẹ̀ wa, àgbàdo àkọ́gbìn sábà máa ń gbó ní oṣù keje sí oṣù kẹjọ, nígbà tí ojú ọ̀run ṣì ṣú, tí oòrùn kò sì mú tó. Àgbẹ̀ tí kò ní ibi tó dára láti sá irè rẹ̀ sí yóò tẹ́ ẹ sí etí títì tàbí sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Òjò òjijì lè dé bá a níbẹ̀, yóò sì di dandan kí ó kó o wọlé tòun ti ọ̀rinrin. Àwọn onímọ̀ sọ pé omi inú àgbàdo tí a fẹ́ fi pamọ́ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ti ẹ̀pà tí a ti pa kò sì gbọ́dọ̀ ju nǹkan bí ìdá 7 lọ. Ohun tó bá ju èyí lọ, a ti fún olú náà ní omi mu.

Ìrìn-àjò náà kò tíì parí. Láti oko ní Òkè-Ògùn, Ìbàràpá tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, alágbàtà yóò kó àpò jọ láti ọwọ́ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀, èyí tó gbẹ àti èyí tí kò gbẹ, yóò sì dà wọ́n pọ̀. Wọn yóò kó wọn dé ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn tàbí ọjà mìíràn. Bí àpò bá dúró pẹ́ lórí ilẹ̀ tútù, nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè, májèlé inú àpò kan lè di ti gbogbo ẹrù.

Ohun tó ń ṣe fún ara ènìyàn

Ọ̀nà méjì ni májèlé yìí ń gbà pa ènìyàn lára. Èkínní máa ń yá. Bí ó bá pọ̀ gan-an nínú oúnjẹ tí a ń jẹ lójoojúmọ́, ojú aláìsàn á pọ́n, inú á máa run ún, yóò máa bì, ikùn rẹ̀ á sì wú nítorí ẹ̀dọ̀ tó ń kú lọ. Ní 1974, ní ìpínlẹ̀ Gujarat àti Rajasthan ní ilẹ̀ Íńdíà, ènìyàn 397 ló kó àìsàn yìí nínú àgbàdo tó bu, 106 nínú wọn sì kú. Ní 2004, ó ṣẹlẹ̀ ní ìhà ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, pàápàá ní agbègbè Makueni àti Kitui. Ọ̀dá ti dé, oúnjẹ ti wọ́n, òjò sì rọ̀ lé àgbàdo lórí ní àsìkò tí kò yẹ, ni àwọn ará abúlé bá kó o sínú ilé láìgbẹ. Ènìyàn 317 ló ṣàìsàn, 125 sì kú. Nígbà tí wọ́n yẹ àgbàdo inú àwọn ọjà agbègbè náà wò, ó ju ìdajì lọ nínú rẹ̀ tó kọjá máíkírógíráàmù 20 nínú kílógíráàmù kan. Ní 2016, ó tún ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Tànsáníà, níbi tí ènìyàn 20 ti kú.

Ọ̀nà kejì kò yá bẹ́ẹ̀, òun ló sì kan ọ̀pọ̀ ènìyàn jù. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kò ní mọ ohunkóhun lára fún ọ̀pọ̀ ọdún. Yóò máa ṣiṣẹ́, yóò máa jẹun, ṣùgbọ́n májèlé náà ń ṣe iṣẹ́ ibi nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ lè jẹ́ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, àrùn tí a kì í sábà mọ̀ títí yóò fi pẹ́ jù. Àwọn olùwádìí tó ṣírò ọ̀rọ̀ yìí ní 2010 sọ pé ó lè jẹ́ aflatoxin ló wà nídìí nǹkan bí ìdá 5 títí dé ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ní àgbáyé. Àlàfo ńlá ló wà láàárín iye méjèèjì, nítorí kò rọrùn láti wọn ohun tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kì í yẹ̀ wò. Ilẹ̀ Áfíríkà wà lára àwọn ibi tí ẹrù náà wúwo sí jù.

Ọ̀rẹ́ burúkú kan wà tí aflatoxin ní, ìyẹn àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B, tó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọkùnrin tó lé ní 18,000 ní ìlú Shanghai ní ilẹ̀ Ṣáínà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ hàn. Ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ fún ẹni tí aflatoxin nìkan wà lára rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 3 ti ẹni tí kò ní ìkankan. Fún ẹni tó ní mẹ́dọ̀wú B nìkan, ìlọ́po 7 ni. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí méjèèjì pàdé lára rẹ̀, ó fò dé nǹkan bí ìlọ́po 59. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B tí à ń fún ọmọ tuntun lẹ́yìn ìbí jẹ́ apá kan ìjà yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fara jọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ rárá.

Ní ti àwọn ọmọdé, ẹ̀rí tó yẹ kí ó dùn wá jù wá láti ẹ̀gbẹ́ wa níhìn-ín, láti orílẹ̀-èdè Benin àti Togo, níbi tí oúnjẹ wọn kò yàtọ̀ púpọ̀ sí tiwa. Ní ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2002, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ 480 wò ní abúlé 16, láti orí ọmọ oṣù mẹ́sàn-án dé ọmọ ọdún márùn-ún. Àmì aflatoxin wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ọmọ tí àmì náà pọ̀ lára wọn jù ni wọn kò ga tó, tí wọn kò sì wúwo tó bí ó ti yẹ kí wọ́n wúwo. Àwọn tí a ti já lẹ́nu ọmú, tó jẹ́ oúnjẹ àgbàdo ni wọ́n ń jẹ, ní in ju àwọn tó ṣì ń mu ọmú lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún tẹ̀lé ọmọ 200 fún oṣù mẹ́jọ ní abúlé mẹ́rin ní Benin. Nígbà tí wọ́n pín àwọn ọmọ náà sí ọ̀nà mẹ́rin, ìdá tí májèlé náà pọ̀ jù lára wọn fi sẹ̀ǹtímítà 1.7 rẹ̀yìn nínú gíga sí ìdá tó kéré jù lára wọn.

Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí ipa májèlé náà ti pọ̀ tó nínú èyí, nítorí ìṣẹ́, ìgbẹ́ gbuuru àti àìtó oúnjẹ aṣaralóore náà máa ń mú kí ọmọ kúrú. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń jiyàn pé ó yẹ kí ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ní ohun tó ń fa jẹjẹrẹ nínú ẹ̀jẹ̀.

Iná kò pa á, ṣùgbọ́n ọwọ́ lè dín in kù

Omi tó ń hó lórí iná kì í gbóná ju ìwọ̀n 100 lọ. Aflatoxin lè fara da ooru tó ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Nítorí náà, síse, dídín àti ríro kò lè mú un kúrò. Yíyan ẹ̀pà lè dín díẹ̀ kù nínú rẹ̀, kò lè pa á tán. Oògùn apakòkòrò náà kò lè ṣe nǹkan kan fún májèlé tó ti wà nínú hóró. Ẹni tó bá dà á sí oúnjẹ tó ti bu kàn fi májèlé kejì kún ti àkọ́kọ́ ni. A kò gbọ́dọ̀ gbàgbé pé nítorí irú oògùn bẹ́ẹ̀, dichlorvos, ni ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà ní 2015.

Síbẹ̀, ọgbọ́n tí àwọn ìyá wa ti ń lò láti ìgbà pípẹ́ wúlò ju bí a ti rò lọ. Májèlé náà kì í pín dọ́gba nínú àpò. Ó sábà máa ń kóra jọ sínú hóró díẹ̀: èyí tó fọ́, èyí tí kòkòrò jẹ, èyí tó hun jọ, èyí tó pàwọ̀ dà. Ẹni tó bá jókòó ti àtẹ, tó ṣà á, tó fẹ́ ẹ, tó sì fọ̀ ọ́, ń mú apá tó pọ̀ kúrò nínú ewu náà. Àwọn olùwádìí ní Benin wọn èyí. Nínú makume, oúnjẹ àgbàdo tí wọ́n máa ń ṣà, fọ̀, tí wọ́n sì máa ń bó èèpo rẹ̀ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, aflatoxin dín kù ní ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú akassa, tó jẹ́ ìbátan ẹ̀kọ wa, ó dín kù ní ìdá 92. Ṣùgbọ́n nínú owo, tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun odindi àgbàdo ṣe láìbó èèpo, ìdá 40 péré ló kúrò. Iṣẹ́ ọwọ́ tó ṣáájú ìdáná ló mú ìyàtọ̀ wá.

Ta ló ń jẹ ìyókù?

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ilé ìdáná, tó di ti ètò ọrọ̀ ajé. Nígbà tí a bá ṣa ẹ̀pà tán, ibo ni èyí tí a ṣà kúrò ń lọ? Ẹ̀pà tó fọ́ tàbí tó pàwọ̀ dà kì í sábà di ohun tí a dà nù. Owó rẹ̀ rọ̀, ó sì dára fún ẹni tó fẹ́ lọ̀ ọ́. Bí ó bá ti di lílọ̀, tó di kúlíkúlí tàbí ohun tí a fi ń se ọbẹ̀, kò sí ojú tó lè mọ̀ ọ́n mọ́. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àgbàdo rí. Ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe oúnjẹ ọmọdé tàbí oúnjẹ adìyẹ lè yẹ ẹrù wò lẹ́nu ọ̀nà, kí ó sì dá ọkọ̀ tó kọjá òṣùwọ̀n padà. Kò sí oníṣòwò tó fẹ́ pàdánù odindi ọkọ̀ ọjà. Ọjà tí kò sí ìdánwò níbẹ̀ ni yóò darí rẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni ìyá tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó ti ń ra kóńgò kan.

Àbájáde rẹ̀ ni pé adìyẹ oko ńlá lè máa jẹ àgbàdo tí a yẹ̀ wò, nígbà tí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ra àgbàdo ní kóńgò kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ni adìyẹ mọ̀ pé bí wọ́n bá kú, owó òun ló lọ. Àdánù tó ń bá ọmọ, tó ń dé díẹ̀díẹ̀ fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún, kò sí nínú ìwé ìṣírò oníṣòwò kankan.

Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ náà kò yàtọ̀. Bí owó àgbàdo tó gbẹ dáadáa bá jẹ́ iye kan náà pẹ̀lú èyí tí kò gbẹ, kí ni yóò mú àgbẹ̀ ra tápólì, kí ó sì fi ọjọ́ mẹ́ta kún iṣẹ́ rẹ̀? Nígbà tí àgbàdo bá tilẹ̀ gbẹ sí i, ó ń fúyẹ́ sí i. Ẹni tí wọ́n ń fi òṣùwọ̀n ra ọjà rẹ̀ yóò gba owó tó kéré sí i nítorí pé ó ṣe ohun tó tọ́. Bí a kò bá tún èyí ṣe, ìkìlọ̀ lásán ni gbogbo ìkìlọ̀ wa yóò jẹ́.

Ohun tó ti ṣiṣẹ́

Ó yẹ kí inú wa dùn pé ọ̀kan nínú àwọn ohun èlò tó dára jù fún ìjà yìí ti Ìbàdàn jáde. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn IITA àti àwọn onímọ̀ láti ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà ló ṣe Aflasafe. Wọ́n wá irú Aspergillus flavus tó wà nínú ilẹ̀ Nàìjíríà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò lè tu májèlé, wọ́n sì fi í sára ọkà bàbà tí kò lè hù mọ́. Àgbẹ̀ yóò fọ́n kílógíráàmù 10 rẹ̀ sí hẹ́kítà kan ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ irùkẹ̀rẹ̀. Àwọn tí kò ní májèlé yóò gba ilẹ̀ mọ́ àwọn tó ní in lọ́wọ́. Àyẹ̀wò fi hàn pé ó lè dín májèlé náà kù ju ìdá 80 lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Àjọ NAFDAC ti fọwọ́ sí i láti 2014. Iṣẹ́ àkànṣe kan tó ń jẹ́ AgResults, tó parí ní 2019, fi dọ́là 18.75 kún owó tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan àgbàdo tí wọ́n fi Aflasafe tọ́jú ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì gbà á lò. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò ṣòroó rí: bí owó bá tẹ̀lé àgbàdo tó dára, àgbẹ̀ yóò gbin àgbàdo tó dára.

Ohun tó rọrùn ju èyí lọ náà ti ṣiṣẹ́. Ní agbègbè Kindia ní orílẹ̀-èdè Guinea, wọ́n lo abúlé 20 fún ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2005. Ní abúlé 10, wọ́n kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí wọn yóò ṣe máa ṣa ẹ̀pà, wọ́n fún wọn ní ẹní tí wọn yóò máa sá a sí, àpò tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá, àti pákó tí àpò yóò máa wà lórí rẹ̀. Ní oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìkórè, àmì aflatoxin nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará abúlé náà kò tó ìdajì ti àwọn abúlé 10 yòókù. Ní Qidong ní ilẹ̀ Ṣáínà, nígbà tí ọrọ̀ ajé ṣí sílẹ̀ láti àwọn ọdún 1980, tí àwọn ènìyàn fi ìrẹsì rọ́pò àgbàdo, ikú tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ń fà dín kù ju ìdajì lọ bí ọdún ti ń gorí ọdún.

Ohun tó kù sí ọwọ́ kálukú

Àwọn kan yóò sọ pé ní àkókò tí oúnjẹ wọ́n yìí, kò yẹ kí a máa sọ̀rọ̀ dída oúnjẹ nù. Àríyànjiyàn náà ní ìtumọ̀. Bí ìjọba bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbígbẹ́sẹ̀ lé ẹrù ní ọjà, owó oúnjẹ yóò gòkè, ẹrù tó bu yóò sì sá pamọ́ sí ibi tí ojú kò tó. Ìdí nìyẹn tí a fi gbà pé ibi gbígbẹ irè ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ tí kò bu kò ní di ohun tí a ń dà nù.

Fún ẹ̀yin àgbẹ̀: ẹ má ṣe jẹ́ kí irè fara kan ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sá a, tápólì tàbí ẹní ni kí ẹ lò. Láti mọ̀ bóyá àgbàdo ti gbẹ, ẹ da díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ, ẹ fi iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ sí i, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, àgbàdo náà kò tíì gbẹ. Ẹ má ṣe da èyí tó gbẹ pọ̀ mọ́ èyí tí kò gbẹ. Àpò alámẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ ń pa kòkòrò láìlo oògùn, ṣùgbọ́n irè tó ti gbẹ nìkan ni kí ẹ kó sínú rẹ̀.

Fún ẹ̀yin oníṣòwò: ẹ gbé àpò lé orí pákó, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè, kí ẹ sì kọ àpò tó tutù nígbà tí wọ́n bá gbé e wá. Fún ẹ̀yin òbí: ẹ ṣa àgbàdo ògì àti ẹ̀pà hóró kan lẹ́yìn èkejì, ẹ da èyí tó bu nù pátápátá, ẹ má ṣe fi í fún adìyẹ tàbí ewúrẹ́, nítorí ohun tí ẹran bá jẹ lè padà sọ́dọ̀ wa. Ẹ da omi tí ẹ kọ́kọ́ fi fọ àgbàdo nù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí oúnjẹ ọmọ jẹ́ àgbàdo nìkan láti àárọ̀ dé alẹ́. Ẹ fi ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ẹ̀fọ́ àti ọ̀dùnkún pààrọ̀. Kí ẹ sì rí i pé ọmọ tuntun gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún tí a bí i.

Ní ti ìjọba ní gbogbo ìpele, ohun mẹ́ta ni a rí pé ó yẹ kí ó ṣáájú. Èkínní ni kí ibi tí a ń sá irè sí àti ẹ̀rọ ìgbẹ́rè wà ní àwọn ibi tí àgbẹ̀ ti ń kó àgbàdo jọ, pàápàá fún ìkórè àkọ́kọ́ tó máa ń bọ́ sí àsìkò òjò. Èkejì ni kí ìdánwò wà ní àwọn ọjà ńlá, kí ọ̀nà sì wà láti sọ ẹrù tó kọjá òṣùwọ̀n di ajílẹ̀ tàbí ohun ìdáná dípò kí ó yà sí ọjà mìíràn. Ẹ̀kẹta ni èyí tó lè ní ipa jù: oúnjẹ yòówù tí wọ́n bá fi owó ará ìlú rà, ì báà jẹ́ fún ilé-ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn tàbí ìrànwọ́ fún aláìní, kí ó jẹ́ èyí tí a yẹ̀ wò, kí owó rẹ̀ sì ju ti èyí tí a kò yẹ̀ wò lọ díẹ̀. Owó díẹ̀ yẹn ni yóò sọ fún àgbẹ̀ ní Ṣakí tàbí Ìgbòho pé tápólì tí ó rà kò jẹ́ àṣedànù.

Ìkórè àkọ́gbìn kì í dúró de ìpàdé. Kí oṣù keje tó dé, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè kàn sí àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́nisọ́nà iṣẹ́ ọ̀gbìn ní ìjọba ìbílẹ̀ wọn láti béèrè nípa tápólì, àpò àti Aflasafe. Àwọn ìyá pẹ̀lú lè béèrè nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ ní ilé ìwòsàn alábọ́dé tó súnmọ́ wọn.